Àbúrò mi tó ń pe ìrun ni wọ́n bá nílé tẹ́tẹ́: báwo ni a ṣe lè fà á mọ́ra láì gbè sẹ́yìn ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀?

Ẹ̀gbọ́n Ladáànì (ẹni tó dá ọ̀rọ̀ sílẹ̀)

Àsàláámù àláékúmù, ẹ̀yin ará mi nínú ẹ̀sìn. Ọ̀rọ̀ àbúrò mi ọkùnrin ni mo gbé wá, ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi sùúrù kà á. Ọmọ ìyá kan náà ni wá. Ọdún mẹ́fà ni ó fi jẹ́ ladáànì ní mọ́ṣáláṣí àdúgbò wa ní Ìbàdàn, tó jẹ́ pé ohùn rẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ilé fi ń jí sí ìrun àsùbáà, kí ẹnikẹ́ni tó mọ̀ pé ó ń ta tẹ́tẹ́ bọ́ọ̀lù.

Èmi ni mo kọ́kọ́ mọ̀. Mo fẹ́ fọ jalabíà rẹ̀ lọ́jọ́ Àìkú kan, mo ki ọwọ́ bọ àpò rẹ̀, mo sì bá tẹ̀sùbáà rẹ̀ níbẹ̀, pẹ̀lú tíkẹ́ẹ̀tì tẹ́tẹ́ mẹ́ta tó lọ́ mọ́ ọn lára. Òógùn ti pa ohun tó wà lára méjì rẹ́, ṣùgbọ́n iye tó wà lára ẹ̀kẹta hàn ketekete: ₦5,000. Mo dá tẹ̀sùbáà padà sínú àpò, mo ju àwọn tíkẹ́ẹ̀tì náà sínú iná èédú, n kò sì sọ nǹkan kan. Títí di òní ni mo ṣì ń bi ara mi bóyá àánú ni ìdákẹ́jẹ́ yẹn tàbí ojo.

Lẹ́yìn oṣù méjì, ẹnì kan ya fọ́tò rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà ilé tẹ́tẹ́, ó sì fi ránṣẹ́ sí ojúde WhatsApp ẹgbẹ́ àsáláátù wa. Kí ó tó di Jímọ̀, kò sí ẹni tí kò tíì rí i. Wọ́n gba ìpè ìrun lọ́wọ́ rẹ̀, èyí kò dùn mí, nítorí pé ó yẹ bẹ́ẹ̀. Ohun tó dùn mí ni pé àgbàlagbà kan dá a dúró lẹ́nu ọ̀nà mọ́ṣáláṣí, lójú àwọn ọmọ tí àbúrò mi ń kọ́ ní kéwú, ó sì sọ fún un pé, "Kí Ọlọ́hun dójú tì ọ́." Láti ọjọ́ yẹn ni kò ti tún yà sí mọ́ṣáláṣí mọ́. Bàbá wa náà ti fi Ọlọ́hun búra pé òun kò ní fi kọ́bọ̀ ràn án lọ́wọ́ mọ́, kò sì jẹ́ kí ó bá òun jẹun.

Àbúrò mi fẹ́ fi tẹ́tẹ́ sílẹ̀. Ó sọ fún mi pé òun ti gbìyànjú lẹ́ẹ̀mejì, ṣùgbọ́n bí ilẹ̀ Sátidé bá ti mọ́, ṣe ni ọwọ́ òun máa ń gbọ̀n. Báwo ni mo ṣe lè dì í mú láì sọ pé ohun tó ń ṣe dára? Kí ni mo sì lè sọ fún bàbá wa?

Ìyá Àsáláátù, Ọ̀ṣogbo

Wàálékúmù sàláámù, ẹ̀gbọ́n. Ẹ kú àmúmọ́ra. Kí àwọn alfa tó dé, ẹ jẹ́ kí n sọ ìwọ̀nba tí mo mọ̀. Ẹ gbé oúnjẹ lọ bá a, ẹ jókòó tì í kí ó jẹ ẹ́ tán, ẹ má sì bi í ní ìbéèrè kankan lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Ẹni tí gbogbo ènìyàn ń sá fún kì í ní etí tí yóò fi gbọ́ ìmọ̀ràn. Ẹ jẹ́ kí ó kọ́kọ́ gbọ́ orúkọ rẹ̀ lẹ́nu yín bí ẹ ṣe máa ń pè é tẹ́lẹ̀.

Ọmọléèwé Kéwú, Ìwó

Gbólóhùn tí àgbàlagbà yẹn sọ lẹ́nu ọ̀nà mọ́ṣáláṣí ni ó dá mi dúró, nítorí pé irú rẹ̀ gan-an ni ẹnì kan sọ lójú Ànábì Muhammad, kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a, tí Ànábì sì kọ̀ ọ́ fún un. Abu Hurayra, ọ̀kan nínú àwọn sàhábà Ànábì, ni ó gba hàdíìsì náà (ìròyìn ọ̀rọ̀ àti ìṣe Ànábì) wá, ó sì wà nínú ìwé Sahih al-Bukhari. Wọ́n mú ọkùnrin kan tó mu ọtí wá, Ànábì ní kí wọ́n nà án. Àwọn kan fi ọwọ́ nà án, àwọn kan fi bàtà, àwọn mìíràn fi aṣọ. Bí ó ti ń lọ, ẹnì kan ní, "Kí Ọlọ́hun dójú tì ọ́!" Ànábì ní kí wọ́n má ṣe sọ bẹ́ẹ̀, kí wọ́n má ṣe ran Ṣàìtáánì lọ́wọ́ lórí rẹ̀. Ẹ wo bí ọ̀rọ̀ náà ṣe tò. Ìyà ẹ̀ṣẹ̀ ti jẹ ọkùnrin náà tán, ohun tí òfin ní láti gbà lọ́wọ́ rẹ̀, ó ti gbà á. Ohun tó ṣẹ́kù ni èyí tí ẹnì kan fẹ́ fi kún un láti inú ara tirẹ̀, èyíinì sì ni Ànábì kà sí ìrànlọ́wọ́ fún Ṣàìtáánì.

Ẹnì kan tún wà tó ń jẹ́ Abdullah, tí ìnagijẹ rẹ̀ ń jẹ́ Himar, ìyẹn kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́. Umar ọmọ Khattab ni ó sọ ìtàn rẹ̀. Ó máa ń pa Ànábì lẹ́rìn-ín. Ànábì ti jẹ́ kí wọ́n nà án rí nítorí ọtí, wọ́n sì tún mú un wá lọ́jọ́ mìíràn, wọ́n tún nà án. Ni ọkùnrin kan bá ní kí Ọlọ́hun ṣẹ́bi lé e, torí pé lemọ́lemọ́ ni wọ́n ń mú un wá. Ànábì ní kí wọ́n má ṣe ṣẹ́bi lé e, nítorí ohun tí òun mọ̀ nípa rẹ̀ ni pé ó fẹ́ràn Ọlọ́hun àti Òjíṣẹ́ Rẹ̀. Nípa ẹni tó ń ṣubú lemọ́lemọ́ ni Ànábì sọ èyí o. Ìfẹ́ Ọlọ́hun àti àìlera lè wà nínú ọkàn kan ṣoṣo, gẹ́gẹ́ bí ẹ ṣe bá tẹ̀sùbáà àti tíkẹ́ẹ̀tì nínú àpò kan ṣoṣo.

Ọ̀rọ̀ kan ṣì kù lọ́kàn mi. Kò sí àríyànjiyàn pé hàráámù ni tẹ́tẹ́. Àlùkùránì kà á pọ̀ mọ́ ọtí nínú Sura Máídà, ẹsẹ 90. Ṣùgbọ́n kí á ka ẹsẹ 91 tẹ̀ lé e. Ó ní ohun tí Ṣàìtáánì ń wá ni kí ó fi ọtí àti tẹ́tẹ́ dá ọ̀tá àti ìkórìíra sílẹ̀ láàrin yín, kí ó sì ṣẹ́ yín lórí kúrò níbi ìrántí Ọlọ́hun àti níbi ìrun. Àbúrò yín ta tẹ́tẹ́, òótọ́ ni. Ta ni ó wá bá Ṣàìtáánì dá ìkórìíra yẹn sílẹ̀ nínú jàmáà? Ọ̀rọ̀ ẹnu ta ni ó sì lé e kúrò níbi ìrun?

Ẹ̀ṣọ́ Súnnà

Mo ka gbogbo rẹ̀, ọkàn mi kò sì balẹ̀. Ànábì kan náà ni ó sọ, nínú hàdíìsì tí Ìmáàmù Muslim kọ sínú ìwé rẹ̀, pé ẹni tó bá rí ohun burúkú nínú wa, kí ó fi ọwọ́ rẹ̀ yí i padà; bí kò bá lágbára rẹ̀, kí ó fi ahọ́n; bí kò bá lágbára ìyẹn náà, kí ó fi ọkàn kọ̀ ọ́. Bí a bá ń fi ojú àánú wo gbogbo nǹkan, àwọn ọmọdé yóò gbà pé tẹ́tẹ́ kò burú. Ilé tẹ́tẹ́ mẹ́ta ni ó wà láàrin mọ́ṣáláṣí wa àti ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní àdúgbò tèmi, mo sì máa ń rí àwọn ọmọ tí irùngbọ̀n wọn kò tíì hù tí wọ́n ń fa tíkẹ́ẹ̀tì mọ́ ara wọn lọ́wọ́. Ẹ̀rù ń bà mí gan-an ni. Bí ladáànì bá ń ta tẹ́tẹ́, tí a sì ń pa á mọ́lẹ̀, kí ni a ó sọ fún àwọn ọmọ wọ̀nyẹn?

Ọmọléèwé Kéwú, Ìwó

Ẹ̀rù tó ń bà yín tọ́, alfa, èmi náà ń rí àwọn ọmọ wọ̀nyẹn ní Ìwó. Kò sí ẹni tó ní kí á má bá a wí. Wọ́n ti gba ìpè ìrun lọ́wọ́ rẹ̀, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ fúnra rẹ̀ sì gbà pé ó yẹ bẹ́ẹ̀. Bí a ṣe ń sọ̀rọ̀ ni mo ń wí. Nígbà tí Ọlọ́hun ń rán Ànábì Músà àti Hárúnà sí Firiaona, ẹni tó pe ara rẹ̀ ní olúwa, Ó pàṣẹ fún wọn nínú Sura Taha, ẹsẹ 44, pé kí wọ́n bá a sọ ọ̀rọ̀ ẹ̀lẹ́.

Ní ti fọ́tò, ìyẹn kò sí lára fífi ọwọ́ yí nǹkan burúkú padà. Nígbà ayé Ànábì, Hazzal ni ó rọ Maiz pé kí ó lọ jẹ́wọ́ ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ fún Ànábì, Maiz sì lọ. Ohun tí Ànábì sọ fún Hazzal lẹ́yìn náà ni pé ì bá sàn fún un bí ó bá ti fi aṣọ rẹ̀ bò ó. Hazzal kò tilẹ̀ sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni, ẹlẹ́ṣẹ̀ fúnra rẹ̀ ni ó bá sọ̀rọ̀. Irú èwo ni ti ẹni tó ya fọ́tò, tó fi ránṣẹ́ sí ọgọ́rọ̀ọ̀rún ènìyàn?

Ẹni Tó Túúbá

N kì í sábà kọ nǹkan síbí, ṣùgbọ́n n kò lè dákẹ́ lórí èyí.

Ọdún mẹ́rin ni mo fi ta tẹ́tẹ́. Orí fóònù ni tèmi, nítorí náà kò sí ẹni tó lè ya fọ́tò mi. Mo máa ń ti ara mi mọ́ balùwẹ̀, mo máa ń jẹ́ kí omi ẹ̀rọ máa dà sínú garawa kí ìyàwó mi lè rò pé àlùwàlá ni mò ń ṣe, mo sì máa ń wo bóyá eré kan ṣoṣo tó kù yóò wọlé. Nígbà tí eré yẹn bá fi máa gé tíkẹ́ẹ̀tì mi, garawa á ti kún, omi á ti máa ṣàn bọ̀ lẹ́sẹ̀ mi. Màá wá fi omi yẹn náà ṣe àlùwàlá ní tòótọ́, màá sì lọ kírun.

Ẹ̀yin tí ẹ kò tíì bọ́ sínú rẹ̀ rí, ẹ máa ń rò pé bí ojú bá ti ènìyàn tó, yóò fi í sílẹ̀. Ojú ń tì mí lójoojúmọ́. Ọjọ́ tí ojú bá tì mí jù ni mo máa ń ta èyí tó pọ̀ jù, nítorí pé ohun tí Ṣàìtáánì máa ń sọ sí mi létí lọ́jọ́ bẹ́ẹ̀ ni pé, "Irú ìwọ, kí ni o tún ń wá lórí ẹní ìrun?" Bí ènìyàn bá wá tún gbọ́ gbólóhùn kan náà lẹ́nu àgbàlagbà mọ́ṣáláṣí, yóò gbà pé òótọ́ ni Ṣàìtáánì ń sọ.

Alfa kan ni mo jẹ́wọ́ fún nínú oṣù ààwẹ̀, lẹ́yìn àṣámù, ìrun alẹ́ inú ààwẹ̀. Kò béèrè iye tí mo ti pàdánù. Ó ka Sura Yusuf, ẹsẹ 33 sí mi létí, níbi tí Ànábì Yúsúfù ti ní ẹ̀wọ̀n tẹ́ òun lọ́rùn ju ohun tí àwọn obìnrin náà ń pe òun sí lọ, àti pé bí Ọlọ́hun kò bá gba òun lọ́wọ́ ète wọn, òun yóò tẹ̀ sí ọ̀dọ̀ wọn. Alfa ní, "Ànábì Ọlọ́hun ni ó ń sọ̀rọ̀ yìí. Ó mọ̀ pé òun lè tẹ̀, ó sì sọ ọ́ jáde." Ó wá bi mí pé ẹ̀wọ̀n wo ni mo lè fara mọ́. N kò gbàgbé ìbéèrè yẹn. Mo ta fóònù ńlá mi, mo ra èyí kékeré tí kò ju kí á fi pe ènìyàn lọ, mo sì ní kí owó oṣù mi máa wọ àpò ìfowópamọ́ ìyàwó mi. Mo tún ṣubú lẹ́ẹ̀mejì lẹ́yìn ìyẹn, níbi fóònù tí mo yá lọ́wọ́ ọ̀rẹ́. Ìgbà méjèèjì ni mo padà lọ sọ fún alfa, ìgbà méjèèjì ni ó sì ní kí n lọ ṣe àlùwàlá wá kí á jọ kírun. Oṣù kọkànlá rèé tí n kò tíì ta.

Ẹ̀gbọ́n, ẹ bi àbúrò yín ní ìbéèrè ẹ̀wọ̀n yẹn, kí ẹ sì jẹ́ kí òun fúnra rẹ̀ yàn. Bí ẹ bá ń gba fóònù lọ́wọ́ rẹ̀ ní tipátipá, yóò rí òmíràn yá. Ẹ má fún un ní owó. Bí ó bá jẹ ẹnì kan ní gbèsè, ẹ fúnra yín san án fún olówó. Lọ́jọ́ Sátidé, kí ẹ má jẹ́ kí ó dá wà. Ẹ wá iṣẹ́ fún ọwọ́ rẹ̀ láti àárọ̀ títí di ìṣáì.

Ará Peckham

Mo fi díẹ̀ kún ti arákùnrin yìí, fún àwọn tó ń kà á láti ìlú Ọba níbí. Ètò kan wà tó ń jẹ́ GAMSTOP, ọ̀fẹ́ ni. Bí ènìyàn bá forúkọ ara rẹ̀ sílẹ̀ níbẹ̀, gbogbo ilé-iṣẹ́ tẹ́tẹ́ orí ayélujára tó ní ìwé àṣẹ ní Great Britain ni yóò ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn fún oṣù mẹ́fà, ọdún kan tàbí ọdún márùn-ún, kò sì lè yí i padà kí àsìkò náà tó pé. Èmi ni mo jókòó ti ọmọ ẹ̀gbọ́n mi nígbà tó ń ṣe é, ọdún márùn-ún ló sì yàn. Ẹ̀wọ̀n tó fara mọ́ nìyẹn.

Bàbá Ẹ̀pẹ́

Ẹ ti sọ̀rọ̀ àbúrò tán, ẹ kò tíì dá ọmọ yìí lóhùn lórí ọ̀rọ̀ bàbá rẹ̀. Bàbá ni èmi náà, mo mọ bí ó ṣe ń dun ni.

Ọmọ mi, má ṣe bá bàbá rẹ jiyàn. Kúnlẹ̀ kí i, kí o sì sọ ìtàn Abu Bakr, ọ̀rẹ́ tímọ́tímọ́ Ànábì, àti Mistah fún un. Ìbátan Abu Bakr ni Mistah, aláìní sì ni. Abu Bakr ni ó ń gbọ́ bùkátà rẹ̀. Nígbà tí wọ́n pa irọ́ àgbèrè mọ́ Aisha, ọmọ Abu Bakr tó jẹ́ ìyàwó Ànábì, Mistah wà lára àwọn tó ń gbé irọ́ náà kiri. Mo fẹ́ kí bàbá rẹ ro èyí dáadáa: ẹni tí ó ń bọ́ ni ó ń ba ọmọ rẹ̀ jẹ́ láàrin ìlú. Nígbà tí Ọlọ́hun fọ Aisha mọ́, Abu Bakr búra pé òun kò ní ná owó lé Mistah lórí mọ́ láé. Bàbá wo ni kò ní búra bẹ́ẹ̀? Ṣùgbọ́n ẹsẹ 22 nínú Sura Núrù sọ̀kalẹ̀, pé kí àwọn tó ní ọlà àti ìgbòòrò nínú yín má ṣe búra pé àwọn kò ní fún ìbátan, aláìní àti àwọn tó ṣí kúrò nílùú nítorí Ọlọ́hun. Kí wọ́n foríjì, kí wọ́n sì mójú kúrò. Ó wá béèrè pé, ṣé ẹ kò fẹ́ kí Ọlọ́hun foríjì yín ni? Abu Bakr ní òun fẹ́ bẹ́ẹ̀, wàláì, ó sì dá owó Mistah padà fún un.

Bí bàbá rẹ bá ní òun ti búra, tí òun kò sì fẹ́ dalẹ̀ Ọlọ́hun, sọ fún un pé Ànábì ní ẹni tó bá búra lórí nǹkan, tó wá rí ohun tó dára jù ú lọ, kí ó ṣe èyí tó dára jù, kí ó sì san ìtánràn ìbúra rẹ̀. Ìtánràn náà wà nínú Sura Máídà, ẹsẹ 89: kí ó bọ́ aláìní mẹ́wàá, tàbí kí ó fi aṣọ wọ̀ wọ́n, tàbí kí ó tú ẹrú kan sílẹ̀, bí kò bá ní agbára rẹ̀, kí ó gba ààwẹ̀ ọjọ́ mẹ́ta. Ẹ ṣí Àlùkùránì kí ẹ wò ó. Ẹsẹ tó ṣáájú èyí tó ka tẹ́tẹ́ léèwọ̀ gan-an ni. Bí a bá fi ọwọ́ òsì bá ọmọ wí, a ó fi ọwọ́ ọ̀tún fà á mọ́ra. Bàbá rẹ ti lo ọwọ́ òsì.

Ẹ̀ṣọ́ Súnnà

Mo padà wá. N kò yí ọ̀rọ̀ mi padà lórí àwọn ọmọdé, mo sì máa bá lèmọ́mù wa sọ̀rọ̀ lórí ilé tẹ́tẹ́ tó sún mọ́ ilé-ìwé yẹn. Ṣùgbọ́n ìtàn Hazzal kò jẹ́ kí n sùn. Irú fọ́tò bẹ́ẹ̀ dé ọ̀dọ̀ mi lọ́dún tó kọjá, ti obìnrin kan, èmi náà sì fi í ránṣẹ́ síwájú. Mo ti pa á rẹ́ lórí fóònù mi, mo sì ti ń pe àwọn tí mo fi ránṣẹ́ sí lọ́kọ̀ọ̀kan kí wọ́n pa á rẹ́. Mo ń túúbá lọ́dọ̀ Ọlọ́hun. Ẹ bá mi ṣe àmín.

Ìyá Àsáláátù, Ọ̀ṣogbo

Àmín, alfa. Àmín o.

Ẹ̀gbọ́n Ladáànì

Ẹ ṣeun, ẹ ṣeun, mo ń fi omijé kọ ọ́. Ọjọ́ 19 rèé tí mo ti gbé ọ̀rọ̀ yìí wá, ó sì yẹ kí n jábọ̀ fún yín.

Mo gbé àmàlà lọ bá a bí Ìyá Àsáláátù ṣe wí, mo sì jókòó láì bi í ní nǹkan kan. Ọjọ́ kẹta ni mo tó sọ ìtàn Himar fún un. Kò sọ̀rọ̀ fún ìgbà díẹ̀, lẹ́yìn náà ni ó ní kí n tún orúkọ ọkùnrin náà pè. Mo bi í ní ìbéèrè ẹ̀wọ̀n, ó sì mú fóònù rẹ̀ fún mi fúnra rẹ̀, pé kí n máa bá òun tọ́jú rẹ̀ láti alẹ́ Jímọ̀ títí di àárọ̀ Mọ́ńdè. Sátidé àkọ́kọ́, a jọ lọ kó iyanrìn níbi ilé tí ẹ̀gbọ́n wa ń kọ́. Sátidé kejì, mo ní ìnáwó ní Ọ̀yọ́, ó dá wà, ó sì ta tẹ́tẹ́ ₦1,000 nílé tẹ́tẹ́ tó wà lójú pópó. Kí n tó délé ni ó ti wá dúró dè mí lẹ́nu ọ̀nà, kí n má baà gbọ́ ọ lẹ́nu ẹlòmíràn. A jọ kírun ìṣáì nínú yàrá mi. Lánàá, ó lọ kí àsùbáà ní mọ́ṣáláṣí àdúgbò kejì, níbi tí wọn kò ti mọ̀ ọ́n.

Mo ti kúnlẹ̀ fún bàbá wa, mo sì ti sọ ìtàn Mistah fún wọn. Wọn kò dá mi lóhùn, wọn kò sì tíì bá ọmọ wọn sọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n ní àárọ̀ yìí, wọ́n pè mí sínú yàrá, wọ́n ka owó fún mi, wọ́n ní kí n lọ ra ìrẹsì àti epo, kí n sì wá aláìní mẹ́wàá ní àdúgbò, kí ó má dín, kí ó má lé. Wọn kò sọ ohun tí wọ́n fẹ́ fi ṣe. Èmi náà kò béèrè.